Príńtà Tí Mo Rà Nítorí Ábúráhámù Sietse

                                        Ojúlé 14, Òpópónà Èbúté,
                                        Makkum,
                                        Họ́láńdì.
                                        Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejìlá, 2022.

Rinse, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ìtàn tí mo fẹ́ kọ sí ẹ yìí, tó o bá sọ ọ́ níbi iṣẹ́ yín ní Norway, wọ́n á ní ọtí ló ń pa ẹ́. Àmọ́ jẹ́ n kọ́kọ́ kí ẹ ná. Ṣé ara le? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ẹ́ ti jẹ́ kó o lè bẹ̀rẹ̀ báyìí? Òtútù ibẹ̀ ò ní mú yín o. Àwa náà wà, bí a ṣe ń wà náà ni. O ti gbọ́ lórí fóònù pé Sietse, àbúrò mi, ti lọ. Èyí tí ẹnu mi ò lè sọ lórí fóònù ni mo ń kọ yìí.

O rántí pé ilé mi ló ń gbé látìgbà tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti dá wàhálà sílẹ̀. Dókítà ní ó lè má rí Kérésì. Sietse ní ta ló bi í ní Kérésì, Ábúráhámù lòun fẹ́ rí. O mọ̀ wá: ọkùnrin tó bá ti pé àádọ́ta ọdún, ó ti rí Ábúráhámù nìyẹn, a ó gbé àwòrán rẹ̀ tó ga bí ènìyàn síwájú ilé kí àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá lè rí nǹkan fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí n fi irùngbọ̀n funfun bíi ti Ábúráhámù sí àwòrán tóun yà lórí ọkọ̀ ojú omi wa, kí n tẹ̀ ẹ́ nílé, láàárọ̀ ọjọ́ tóun máa pé àádọ́ta gan-an, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i ṣáájú.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń wá príńtà ńlá nìyẹn, èmi tí mi ò tẹ nǹkan kan rí ju agogo ẹnu ọ̀nà lọ. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan nílùú Sneek. Ọmọbìnrin tó ń tà á bi mí pé báwo ni mo ṣe máa lò ó sí. Mo ní lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní èyí tó ń lo ìyẹ̀fun dúdú dípò yíǹkì kì í gbẹ, àmọ́ bébà tirẹ̀ ò fẹ̀. Èyí tó ń lo yíǹkì lè tẹ bébà tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, àmọ́ tó bá jókòó lásán, imú rẹ̀ á dí. Ó wá fi ọ̀kan hàn mí tó máa ń jí fúnra rẹ̀ lóru, á fọn imú, á tún sùn. Kí n ṣáà má yọ ọ́ lára iná. Mo gbé e. Mo fi àwòrán ọkọ̀ wa dán an wò, àsíá rẹ̀ jáde pupa yòò. Ọkàn mi balẹ̀.

Ọjọ́ ìbí náà bọ́ sí Sọ́ńdè, kò sí ṣọ́ọ̀bù tó ṣí. Mo tan príńtà, Sietse ń jáde: búlúù láti orí dé ẹsẹ̀, ìlà funfun la gbogbo ara rẹ̀ kọjá. Mo ní kí príńtà fọ ara rẹ̀. Ó mu yíǹkì tán bí ọ̀mùtí, kò sì yí padà.

Mo gbé àwòrán náà lọ bá Sietse lórí àga rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé. Ó wò ó títí.

"Ẹ̀gbọ́n, òkú ta lẹ lọ yọ nínú omi?"

Mo ní kò yé mi, ṣebí príńtà náà máa ń jí fúnra rẹ̀ lóru. Sietse bi mí pé:

"Tí wọ́n bá ń yọ ọ́ lára iná ńkọ́?"

Alaalẹ́ ni, Rinse. Kó tó sùn, á fi ọ̀pá rẹ̀ yí ilé ká, á máa fa wáyà yọ bí ìyá wa ṣe kọ́ wa: tẹlifísọ̀n, ẹ̀rọ kọfí, príńtà. Kí n tó jí, á ti dá gbogbo rẹ̀ padà. Ó ní iná tóun ti tọ́jú fún mi ò kéré o. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gba ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀.

A gbé búlúù náà síta. Kò sẹ́ni tó ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń rọra kọjá, wọ́n ń wolẹ̀. Ní Tọ́sìdé ọ̀sẹ̀ yẹn, ó kú.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kó o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Mo ti fẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó o bá mi wò ó bóyá príńtà tí kì í gbẹ wà lọ́dọ̀ yín, torí látìgbà tí a ti sin ín, mi ò wá nǹkan míì. Àmọ́ má wulẹ̀ wá a mọ́. Aukje, aládùúgbò wa, gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà wá lánàá, ó bá èmi àti àwòrán príńtà rẹpẹtẹ lórí tábìlì. Mo ṣàlàyé fún un pé ọ̀kan wà tí ènìyàn lè yọ lára iná fún oṣù kan gbáko. Ó gbọ́ mi tán, ó ti àwọn àwòrán náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbé ìkòkò lé tábìlì.

"Douwe, Sietse ò ní pé àádọ́ta lẹ́ẹ̀kejì. Jẹun."

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yí padà,
Douwe