Wọn Ò Ní Fi Sìmẹ́ńtì Bo Àgbàlá Yín

Bàbá mi tí ń bá oòrùn jí,

Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ẹbí tó wá fẹjọ́ mi sùn nídìí ibojì yín: mo ti bá ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jà. N kò bẹ̀ ẹ́, n kò sì ní bẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ àgbàlá yín ní Ọ̀fàtẹ̀dó ló dá a sílẹ̀. Ìrántí ọdún kan tí ẹ ti lọ kù sí dẹ̀dẹ̀, ni ẹ̀gbọ́n mi bá rán àwọn òṣìṣẹ́ wá láti Ìbàdàn. Kí wọ́n gé igi máńgòrò yín, kí wọ́n hú ewúro àti koríko, kí wọ́n tẹ́ òkúta íńtálọ́ọ̀kì láti géètì títí dé ibojì yín, kí wọ́n sì kan páànù bo ibojì náà kí òjò má ba táìlì jẹ́. Lójú tirẹ̀, ilé ẹni tó níláárí gbọ́dọ̀ dán. Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí kọ́tíìnì sinmi lójú fèrèsé ni wọ́n fẹ́ fi páànù bò!

Ṣé ẹ rántí ìṣe yín? Kí ẹ tó fẹnu kan omi láàárọ̀, ẹ á gbé àga onígi yín síta, ẹ á ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò dé orúnkún, ẹ á kọjú sí ìlà-oòrùn. Bí oòrùn bá ṣípò, àga yín náà á ṣípò. A máa ń fi yín ṣẹ̀fẹ̀ pé ará Ìbòkun tún ti sá ara rẹ̀ bí èlùbọ́. Ẹ̀yin kàn máa ń rẹ́rìn-ín.

Kò sí irú àgbàlá bẹ́ẹ̀ mọ́ ládùúgbò. Pápá tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù ti di ilé, fẹ́ńsì ń gun fẹ́ńsì. Bó bá di ọ̀sán, ooru a máa ru látinú sìmẹ́ńtì bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìdérí ìkòkò. Àwọn abiyamọ tó ń gbé ọmọ tuntun sí oòrùn àárọ̀ kò ní ibi méjì, ẹ̀gbẹ́ máńgòrò yín ni. Wọ́n á máa fi àdín pa ọmọ lára, bí oòrùn bá sì mú, wọ́n á bọ́ sábẹ́ igi.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyí. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ gba ẹsẹ̀ àti ohùn yín, mo gbé yín lọ sí yàrá mi lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Òṣogbo. Mo fa kọ́tíìnì, mo tan fáànù. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá gbé yín síta, ayé á ní mo sọ bàbá mi sóòrùn. Ojoojúmọ́ lẹ ń nawọ́ ọ̀tún sí fèrèsé. Ike omi wà níbẹ̀, mo rò pé òùngbẹ ń gbẹ yín. Mo ń bu omi fún yín. Ẹ ń mu ún, ẹ tún ń nawọ́. N kò sọ pé oòrùn ì bá wò yín sàn, dókítà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ bá rí i kí ẹ tó lọ. Ọjọ́ tí a sin yín ló tó yé mi, nígbà tí mo rí àga yín nínú oòrùn láìsí ẹni lórí rẹ̀. Ṣé ẹ ti dárí jì mí?

Màámi náà fẹ́ẹ̀ bá ọ̀nà kan náà lọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó ti ara rẹ̀ mọ́lé, kì í jẹun, kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo kó padà sílé yín ní Ọ̀fàtẹ̀dó, mo sì ń fà á lọ́wọ́ jáde láràárọ̀. Ní báyìí ó ń jẹun, ó mọ orúkọ gbogbo ìkókó tó ń wá, adìyẹ aládùúgbò sì ti mọ ohùn rẹ̀. Ibi tí ara rẹ̀ ti yá yìí gan-an ni wọ́n fẹ́ tẹ́ òkúta sí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí wọ́n dé pẹ̀lú ayùn, mo gbé àga yín ti ìdí igi, mo jókòó. Ọmọ òṣómàáló kúkú ni mí. Ta ló fẹ́ kọ́ Ìjẹ̀ṣà bí wọ́n ṣe ń jókòó ti ọ̀rọ̀? Olórí wọn pe ẹ̀gbọ́n mi, òun náà sì ń pariwo lórí fóònù pé kí wọ́n gbé mi kúrò. Ni Màámi bá jáde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fà á lọ́wọ́. Ó jókòó tì mí.

“Ẹ sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ṣì ń yá oòrùn. Tó bá fẹ́ gé igi, kó wá gé èmi náà mọ́ ọn.”

Olórí òṣìṣẹ́ pa fóònù. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹ kú oòrùn o,” wọ́n sì kó ayùn wọn lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ránṣẹ́ pé òun fúnra òun ń bọ̀ ní Sátidé. Kó máa bọ̀. Kó mú ayùn, kó mú páànù, kó kó gbogbo ẹbí dání. Èmi á ti wà níbẹ̀ kó tó dé. Bí mo ṣe ń kọ èyí, oòrùn àárọ̀ ti tàn dé ẹsẹ̀ ibojì yín. Mo ti mọ ohun tí ẹ ń nawọ́ sí, Bàbá mi. Ẹnikẹ́ni kò ní fa kọ́tíìnì sí i mọ́.

Èmi ni ọmọ yín tó ń bu omi fún yín,
tí kò ní dìde lórí àga yín.