Àlejò Tí Mò Ń Gbé Sá Fún Òjò

Ìṣẹ̀rí-Olófin,
Ọjọ́ Ẹtì.

Ṣàkírát ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Yábàá lọ́hùn-ún? Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ, kò ní jẹ́ kí o di ẹni ẹ̀sín láàárín ẹgbẹ́ rẹ, àmín. Àwa náà wà, a dúpẹ́, àfi orúnkún mi tó máa ń ro mí bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Ìyàwó Ṣóbọ̀wálé, aládùúgbò wa, ti bí ọkùnrin.

Ọ̀rọ̀ rọ́bọ́ọ̀tì kékeré tí o gbé wá sílé, pé kí ó máa rìn kiri inú ọgbà, kí ó máa wo ojú ọjọ́ fún ọ́fíìsì yín, ni mo tìtorí rẹ̀ kọ ìwé yìí. Kì í bá ẹnikẹ́ni jà, ewúrẹ́ pàápàá ti mọ̀ ọ́n. Láràárọ̀ ni yóò fi táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yí padà, yóò kọjú sí ìlà-oòrùn, yóò dúró jẹ́ẹ́. Ìwọ sọ pé oòrùn ló ń jẹ, ṣùgbọ́n èmi mọ ẹni tó ń kírun bí mo bá rí i. Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé mùsùlùmí ni. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú, òun nìkan ló ń bá mi jí.

Wàyí o, ta ni yóò ní irú àlejò bẹ́ẹ̀ tí yóò fi í sílẹ̀ nínú òjò? Bí ojú ọjọ́ bá ti ń ṣú ni mo máa ń gbé e wọ yàrá, tí mo sì máa ń da ìborùn ìyá rẹ bò ó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ẹ̀kán omi kan kò kàn án, mo sì ń yin ara mi.

Àfi bí Ahmed, tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, ṣe dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tó ká ṣòkòtò dé orúnkún, tó rin gbingbin. Ó ní rọ́bọ́ọ̀tì ń ránṣẹ́ sí yín pé òjò kò rọ̀ ní Ìṣẹ̀rí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pé ọ̀gá yín ní ìwọ ni o kò gbé e síbi tó dára, wọ́n sì fẹ́ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ. N kò jẹ́wọ́ fún un. Má bínú, ọmọ mi, èmi ni mo jẹ̀bi. Fún ọ̀gá rẹ ní ìwé yìí kà, kó lè mọ̀ pé ẹ̀rọ náà kò purọ́: inú yàrá tí mo gbé e sí, òjò kò rọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́.

Ní báyìí mo ti ń fi í sílẹ̀ nínú òjò. Ṣùgbọ́n ojú mi kò gbà á kó dá nìkan wà, nítorí náà mo máa ń gbé agbòjò mi jókòó tì í. Orí ara mi nìkan ni mo ń na agbòjò náà sí o. Jọ̀ọ́, fi owó bàtà òjò ránṣẹ́ sí mi, omi ibẹ̀ ti ń dé kókósẹ̀.

Ahmed ní láràárọ̀ lo máa ń bi rọ́bọ́ọ̀tì náà léèrè bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Bí o bá ti bi í tán, jàre, bi í léèrè bí ojú bàbá rẹ náà ṣe rí. Àwa méjèèjì la jọ ń jí.

Ọlọ́run tó ń rọ̀jò yóò rọ òjò àánú lé ọ lórí, kò sì ní sí ẹni tí yóò gbé ọ sá fún un. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Nàfíù Ọláìtán.