Ọ̀rọ̀ Àkọ́kọ́ Tó Bá Mi Sọ

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Ìdákọ̀ró, ọkọ mi, pè láti orí òkun. Wọ́n ti tún fi oṣù mẹ́rin kún iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó yẹ kó wá gba ipò rẹ̀ ń ṣàìsàn. Mo ní kò burú. Ó burú. Èmi ni mo fún un lórúkọ yẹn o, nígbà tí mo rò pé ọkùnrin tó bá fẹ́ mi á dúró lójú kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Ẹlẹ́jọ́, ọmọ wa, bi mí bóyá inú fóònù ni bàbá òun ń gbé. Ọmọ ọdún mẹ́rin. Mo ní inú ọkọ̀ ojú omi ni.

Ọjọ́bọ̀, 6

Ẹnjiníà tí òun àti Ìdákọ̀ró jọ wà nínú ọkọ̀ ojú omi yẹn ń padà lẹ́nu ìsinmi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní òun á bá mi mú nǹkan dání. Fláàṣì kékeré tí wọ́n ń kì bọ kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ fi rán an. Intanẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ kò lè gbé fídíò kankan.

Àmọ́ èyí tí mo fi ránṣẹ́ lọ́dún tó kọjá! Asèoúnjẹ wọn ló kọ́kọ́ rí i, ó sì kì í bọ kọ̀ǹpútà tí gbogbo wọn jọ ń lò. Gbogbo ohun tí mo sọ fún ọkọ mi, wọ́n gbọ́ ọ. Odidi oṣù méjì ni wọ́n fi ń sín ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ìdákọ̀ró ń rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà mi ò gba ohùn mi sílẹ̀ fún un mọ́.

Ti ọ̀tẹ̀ yìí tún ju ti ìjọ́sí lọ. Ohùn Bàbá wà níbẹ̀ — bàbá tirẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni mo ti gbà á sílẹ̀, ìṣẹ́jú mọ́kànlá, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan tó máa kú. Orí omi ni ọmọ rẹ̀ wà nígbà tí a sin ín.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Ọpẹ́lọpẹ́ Afínjú. Òun ló ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nílé ìtẹ̀wé wa — á fi òwú nu bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan kó tó fọwọ́ kàn án. Ó bá mi wá fláàṣì kan tó máa ń da gbogbo ohun inú rẹ̀ rú di àdììtú, àfi tí èèyàn bá mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ má lo ọjọ́ ìbí ọmọ o. Ẹ má lo orúkọ ẹnikẹ́ni. Gbólóhùn gígùn, tó jẹ́ ẹ̀yin méjèèjì nìkan lẹ mọ̀ ọ́n." Ó tún ní n ò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé kí n wá kó o pọ̀ mọ́ fláàṣì. Pé bí wọ́n bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, á pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́ fúnra rẹ̀. Pé kí n ṣe ẹ̀dà kejì sílé.

Mo ní mo ti gbọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Ẹlẹ́jọ́ kọrin. Ó ka oókan dé ogún, ó fo mẹ́tàlá. Mo rán an síta, mo wá sọ tèmi. Mo sunkún díẹ̀, mi ò yọ ọ́ kúrò. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú fláàṣì, mo pa wọ́n rẹ́ lórí fóònù tó ti kún àkúnya.

Ọ̀rọ̀ ìwọlé: ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ láyé. Ilé ayàwòrán, àwa méjèèjì wá ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Mo ń yín eyín sí kámẹ́rà. Ó ní, "Ẹ má rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kì í ṣe ẹ̀yin." Ọdún mẹ́jọ rèé. Mo tẹ̀ ẹ́ pọ̀ láìsí àmì, láìsí àlàfo. Mo wá kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i pé: Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí o bá mi sọ. Kò sẹ́ni tó máa mọ ìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, 10

Wọ́n fa ìrìn àjò ẹnjiníà síwájú. Òní ni! Mo sáré láti ibi iṣẹ́ lọ bá a, bàtà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ já.

Ẹ̀dà kejì. Mi ò ṣe é.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Ẹyọ kan ṣoṣo tó kù nínú ohùn Bàbá wà nínú àpò ẹni ẹlẹ́ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29

Ìdákọ̀ró kọ̀wé: "Mo ti gbà á. Kò ṣí."

Ọjọ́ Àìkú, 30

Ó ti gbìyànjú ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún! Ó ti gbàgbé nìyẹn. Omi ti gbà á lọ́wọ́ mi tán. Mi ò fèsì. Kó lọ ronú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Kẹrin

Ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Ó ku méjì péré. Mo kọ̀wé pé kó fi sílẹ̀, kó má fọwọ́ kàn án mọ́, kó pè mí. Mi ò lè kọ gbólóhùn náà síbẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà gbogbogbòò yẹn ni wọ́n ti ń ka lẹ́tà orí intanẹ́ẹ̀tì. Níbi iṣẹ́, èmi tí wọ́n gbà láti máa wá àṣìṣe inú ìwé, mo jẹ́ kí ojú ewé kan kọjá lódìdì.

Ọjọ́ Ẹtì, 4

Kò tíì ráyè pè. Lẹ́tà ló fi ránṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹjẹ̀ẹ̀jọ, gbólóhùn kan ṣoṣo ló ń tẹ̀ — pẹ̀lú àmì, láìsí àmì, lẹ́tà ńlá, lẹ́tà kékeré: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di àyè mi mú.

Ó ní: "Mi ò gbàgbé. Mo fẹ́ sáré lọ mú ìwé tí mo fi sílẹ̀ sílé, ìwọ lo wà lẹ́yìn mi lórí ìlà níta ilé ayàwòrán. Nígbà tí mo máa fi dé, ìwọ àti ọkùnrin sanra kan ti ń jà nítorí àyè mi."

Mo jókòó sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná.

Òótọ́ ni. Ọkùnrin sanra. Ó ti ìgbọ̀nwọ́ bọ̀ mí níhà, mo fa báàgì rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ̀yìn ìyẹn la tó wọlé ya fọ́tò. Ọ̀rọ̀ kejì ni mo fi tì í, mo sì ń bínú pé òun ló gbàgbé.

Ọjọ́ Àìkú, 6

Ó pè. Etí mi kún fún ariwo ẹ́ńjìnnì. Mo pe gbólóhùn náà fún un ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Èmi ni mo sọ ìyẹn?" Mo ní òun ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́.

Ó ṣí.

Mo ní kó ṣe ẹ̀dà míì lójú ẹsẹ̀. Ó ní òun ti ń ṣe é. Lẹ́yìn náà ó gbé fóònù sún mọ́ kọ̀ǹpútà, mo gbọ́ ikọ́ Bàbá. Mo gbọ́ tó ń pe ọmọ rẹ̀ ní orúkọ tí kò sẹ́ni tó máa pè é mọ́. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Àwa méjèèjì jọ gbọ́ ọ, òkun wà láàárín.

Nígbà tó parí, Ìdákọ̀ró gbé fóònù padà sétí. Ó ní, "Oṣù mẹ́ta ló kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di àyè mi mú."

Mo ní ṣebí ó mọ̀ pé mo ti jà nítorí ẹ̀ rí.