Orúkọ Fágbèmí Lára Gíláàsì

Bàbá mi,

Alihamudulilahi, ara mi le, òtútù ìlú òyìnbó ò tíì pa mí. Ẹ wí fún àwọn alápatà ẹlẹgbẹ́ yín ní Oko Ọba pé iṣẹ́ ìwádìí ìtàn tí mo wá ṣe ń lọ dáadáa. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láràárọ̀.

Wọ́n ṣí yàrá tuntun níbẹ̀, nípa ọjọ́ tí ọkọ̀ ogun wọn fi ìbọn àgbá fọ́ Èkó lọ́dún 1851. Wọ́n ní àwọn ń rántí ìhà méjèèjì. Ìrántí rádaràda! Wọ́n kọ orúkọ àti ọjọ́ orí àwọn tiwọn tó kú, wọ́n tún pàtẹ bọ́tìnnì ẹ̀wù wọn. Tiwa ńkọ́? "Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ kan." Màlúù tí ẹ̀ ń dúńbú pàápàá, àmì ẹni tó ni ín wà lára ẹ̀.

Mo sọ fún ọ̀gá ibẹ̀ pé Fágbèmí, bàbá ńlá Ìyá Àgbà, kú lọ́jọ́ yẹn, pé ó wà nínú oríkì wa. Ó ní oríkì kì í ṣe ẹ̀rí. Ọ̀mọ̀wé bọ́tìnnì!

Lánàá, mo mí sí gíláàsì wọn, mo fi ìka kọ orúkọ Fágbèmí sí i gàdàgbà. Kó tó pòórá, èmi náà ni mo fi àkísà nù ún, torí ọ̀gá ò gbọdọ̀ bá àmì ìka lára gíláàsì tí mo bá ti nù.

Ẹ bá mi kí Sùlíyá àbúrò mi. Ẹ bá mi dọ̀bálẹ̀ kí Ìyá Àgbà. Tí wọ́n bá bèèrè Fágbèmí, ẹ ní mo ti kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀.

Ọmọ yín,
Teslim