Àwo Orin Yín Tí Mo Sá Sórí Àpáta

Dassa-Zoumè, oṣù kẹta, 1978

Ẹ̀gbọ́n mi Ràmọ́nù,

Mo kí yín ní Abidjan, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ikọ́ Màmá wa nílé ti dínkù. Níbí, "kámáráàdì àlejò" ni wọ́n ń pè mí ní oko ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba rán mi wá, torí ìjọba ní kí gbogbo wa máa pe ara wa ní kámáráàdì.

Ẹ̀gbọ́n, àwo orin tí ẹ fún mi ti bàjẹ́, èyí tí àwọn onígìtá tí a jọ fẹ́ràn ṣe kí wọ́n tó lókìkí. Eruku ọyẹ́ bò ó. Mo fọ̀ ọ́, mo sá a sórí àpáta tí wọ́n ń sá ẹ̀gẹ́ sí, oòrùn sì ká a kò. Màmá Blandine, onílé mi, rẹ́rìn-ín: "Ọmọ àlejò, ṣé èlùbọ́ lo fẹ́ fi ṣe ni?"

Ẹ foríjì mí. Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ lẹ́tà tó gùn. Nígbà tí àwo náà ti bàjẹ́, n kò ní ohùn mìíràn tí mo mọ̀ ní ìlú yìí.

Àbúrò yín,
Yẹ̀kínì