Igo Dúdú Tí Màmá Pè Ní Àgbo

Ẹ̀gbọ́n mi Zàíd,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ. Àlàáfíà la wà ní Fìdítì. Owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá tẹ̀ wá lọ́wọ́, ẹ ṣeun.

Igo dúdú inú ẹrù tí ẹ fi ránṣẹ́ ló ń kó ọkàn mi sókè. Ẹ ò sọ ẹni tó ni ín. Bí Màmá ṣe rí i pé ó dúdú, ó sì kan, wọ́n ní ọmọ àwọn ló fi àgbo orúnkún ránṣẹ́. Ife kékeré kan ni wọ́n ń mu lẹ́yìn ìrun àsùbáà.

Ẹ̀rù bà mí pé kó má bá oògùn wọn jà, ni mo bá tọ́ ọ wò. Ó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, lẹ́yìn náà ni àyà mi gbóná. Mo gbé e lọ bá Ifáyẹmí ọ̀rẹ́ yín. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Hamidah, bíà tó pẹ́ nínú àgbá igi ni. Èmi ni Zàíd ṣèlérí ẹ̀ fún."

Màmá tí kì í gba iwájú ilé ọtí kọjá. Mo ti gbé igo náà pamọ́, wọ́n sì ń béèrè rẹ̀. Ẹnu mi ò gbà á láti sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fúnra yín pè wọ́n. Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí ọ̀nà yín.

Kí n tó gbé e pamọ́, àràárọ̀ tí wọ́n bá gbé ife yẹn dání, wọ́n á ní Bísímílà, wọ́n á fi orúkọ yín ṣàdúà, kí wọ́n tó mu ún.

Àbúrò yín,
Hamidah