Ìdí Tí N Kò Fi Dá Ọ Lóhùn Ní Òwúrọ̀ Yẹn

Ilé Ìyá Sikirat,
Ìdó-Ọ̀ṣun,
lẹ́bàá Òṣogbo.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1971.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Cornelius Àkànní,

Mo kí ọ, mo kí Làbákẹ́ ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín ní Ìbàdàn pẹ̀lú àlàáfíà ara àti ti ọkàn. Ní tèmi, ara mi le, orí mi sì pé. Jọ̀wọ́, ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kejì kí o tó máa bá ìwé lọ, nítorí mo mọ̀ pé ohun mìíràn ni wọ́n ń sọ fún ọ láti Iléṣà. Wọ́n ní mo ti di ìmàle, wọ́n ní mo ti di adáhunṣe, wọ́n ní ọ̀fọ̀ ọkọ ti da orí mi rú. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ìwé yìí. O kúkú mọ ìkọ̀wé mi tí kì í dúró lórí ìlà.

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní kí n di ẹrù mi, pé ìwọ àti Ajíbádé àbúrò bàbá rẹ ń bọ̀ wá mú mi ní ìparí oṣù yìí, àti pé tí mo bá kọ̀, kí n má pe ara mi ní ìyá rẹ mọ́. Mo kà á tán, mo ká a, mo fi í sábẹ́ ìrọ̀rí. Inú mi bàjẹ́. N kò ní purọ́ fún ọ, mo sunkún. Lẹ́yìn náà ni mo nujú, tí mo wá gègé, kí o lè mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ kí o tó wọkọ̀.

Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ sin ín dáadáa, ẹ̀yin ọmọ, ẹ kò dójú tì wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí olúkúlùkù yín padà síbi iṣẹ́ rẹ̀, oorun kọ̀ mí. Ilé ń kún lójoojúmọ́ fún ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, fún ará àdúgbò, fún àwọn tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ń kí mi kú ará-fẹ́ra-kù, mo ń dá wọn lóhùn, mo ń sọ bí ó ṣe kú fún ẹni tó ti gbọ́ àti ẹni tí kò tíì gbọ́. O mọ̀ mí. Bàbá rẹ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé tí mo bá ti gbé korobá lọ sódò, kí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ nílé yáa wá omi mìíràn, nítorí n kò lè kọjá ẹnì kan láìbéèrè ọmọ rẹ̀, aya rẹ̀ àti ewúrẹ́ rẹ̀. Ẹnu yìí kan náà ni mo ń fi ṣọ̀fọ̀, kò sì jẹ́ kí ọkàn mi rí àyè sinmi.

Ìyá Sikirat tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ yìí, oníbàárà mi àtijọ́ ni. Fàtímọ̀ lorúkọ rẹ̀, ọmọ Òṣogbo ni, mùsùlùmí sì ni. Ewé àti egbò ló ti ń tà láti ìgbà ọmọge. Mo wá bá a pé kí ó se àgbo tí yóò mú mi sùn. Kò tilẹ̀ gbé ìkòkò kaná. Ó já ewé efinrin kan lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ìyá Ìjẹ̀ṣà, ẹ jókòó tì í." Mo bi í pé báwo ni kí n ṣe lò ó. Ó ní, "Ẹ má tíì lò ó. Ẹ kọ́kọ́ dákẹ́ fún un ná." Inú bí mi, mo rò pé ó ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Síbẹ̀ mo jókòó lábẹ́ igi ìyeyè ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, mo ń gbóòórùn ewé náà, mo ń fi ìka tọ iṣan ara rẹ̀, títí gbogbo ìkíni tó ti ń ho létí mi fi rọlẹ̀, tí mo sì gbọ́ èémí ara mi. Orí ẹní ibẹ̀ ni mo sùn sí títí oòrùn fi yí. N kò fẹnu kan àgbo kankan o.

Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé n ó kọ́ ohun tí obìnrin yìí mọ̀. Ewé kọ̀ọ̀kan ló fi ń kọ́ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ fọhùn láti ìgbà tó bá ti jí, yóò lọ já ewé náà fúnra rẹ̀, yóò jókòó tì í, yóò dijú, yóò fọwọ́ ra á, yóò tọ́ ọ wò, títí yóò fi lè dá a mọ̀ láìlajú. Ìgbà náà ni Ìyá Sikirat yóò tó sọ ohun tí à ń fi í ṣe. Òun a kírun àsùbáà rẹ̀ kó tó jáde, èmi a gba Àdúrà Olúwa nínú mi. Kò sí ẹbọ níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní kí n fi ṣọ́ọ̀ṣì mi sílẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe mọ̀ pé efinrin dára fún inú rírun, pé à ń gún imí-eṣú sójú ọgbẹ́, pé à ń gbé òdúndún sẹ́bàá iná kó rọ̀ kí a tó fún omi rẹ̀ jáde fún ẹni tí ikọ́ ń dà láàmú. Ewúro tí mo ti ń fọ̀ fún ọbẹ̀ láti kékeré, àfi ìgbà tí mo jókòó tì í ni mo tó mọ̀ pé n kò mọ̀ ọ́n rí. Ó sì kọ́ mi ní ibi tí agbára ewé mọ. Wọ́n gbé ọmọ kan tí gìrì mú wá síbí, Ìyá Sikirat kò wo ọ̀dọ̀ ewé rárá, òun àti ìyá ọmọ náà ni wọ́n jọ sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Nítorí náà, ohun tí o kọ pé a ó fi ewé pa ọmọ ọlọ́mọ, yọ ọ́ kúrò lọ́kàn rẹ.

Dídákẹ́ ló wá fẹ́ lé mi lọ. Ọ̀nà kì í dá láàárọ̀ níbí, olóko ń lọ, àwọn tó ti mọ́ṣáláṣí dé ń bọ̀. Bí ẹnì kan bá ti kí mi báyìí, ẹnu mi á ti dáhùn kí n tó rántí. Ìyá Sikirat á gba ewé ọwọ́ mi, á jù ú fún ewúrẹ́, á ní ó dọ̀la. Ẹnu mi ló mú ewúrẹ́ ilé yìí sanra. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ mi sú u. Ó ní, "Ìyá Ìjẹ̀ṣà, tí ẹ ò bá lè dákẹ́, báwo lẹ ṣe máa gbọ́ ohun tí aláìsàn ò sọ? Ẹ lọ já òdúndún lọ́la. Tí ẹ bá tún fọhùn lọ́nà, ẹ máa lọ sí Iléṣà, ká máa ṣọ̀rẹ́ wa lọ."

Ọ̀la yẹn gan-an ni ìwọ dé. Mo ń ti etí odò bọ̀, òdúndún wà lọ́wọ́ mi, ìrì ṣì wà lórí koríko. Mo rí ọkùnrin kan tó gbé báàgì dúró lójú ọ̀nà, mo sì ti mọ̀ ọ́ kí n tó rí ojú rẹ, nítorí bí bàbá rẹ ṣe máa ń dúró lo ṣe dúró. O dọ̀bálẹ̀ sínú ìrì tòun ti ṣòkòtò funfun rẹ, o ní, "Yèyé mi, ẹ kú àárọ̀." Àkànní, gbogbo oríkì rẹ ló rọ́ wá sẹ́nu mi. Ìyá wo ni ọmọ rẹ̀ yóò dọ̀bálẹ̀ fún tí kò ní wúre? Mo gbé ọwọ́ lé ọ lórí, mo jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀, mo sì kọjá. O pè mí, o tún pè mí. N kò bojú wẹ̀yìn, nítorí tí mo bá bojú wẹ̀yìn, n ó sọ̀rọ̀.

Mo rò pé o ó tẹ̀lé mi wọlé. Nígbà tí mo jókòó ti ewé náà tán tí mo jáde láti wá kí ọ, Sikirat sọ fún mi pé o ti padà lọ wọ rélùwéè. Mo sáré dé ojú títì, n kò bá ọ. Ìyá Sikirat ti rí gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ó wọlé, ó gbé ẹní kan jáde, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ níbi tó ti ń gba àwọn aláìsàn, ó ní ibẹ̀ ni n ó máa jókòó.

Wàyí o, ohun tí mo torí rẹ̀ kọ ìwé yìí nìyí. Nígbà tí ọwọ́ mi wà lórí rẹ tí ẹnu mi sì pa dé, mo gbọ́ tí àyà rẹ ń súfèé. Ó ń dún bí o ṣe ń mí sínú, ó sì ń dún bí o ṣe ń mí síta. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Gbogbo ìgbà tí o wà nílé fún ìsìnkú, èmi nìkan ni mo ń sọ̀rọ̀, ìwọ ń dá mi lóhùn "bẹ́ẹ̀ ni, Yèyé," n kò gbọ́ nǹkan kan. Ká ní mo dá ọ lóhùn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni, n kì bá tún gbọ́. Lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí. Má sọ pé iṣẹ́ tísà kò jẹ́ kí o ráyè. Tí dókítà bá ti sọ tirẹ̀, kí o wá sọ fún mi, kí èmi náà mọ ibi tí ewé yóò ti bá a ṣe é.

Ní ti ẹrù dídì, n kò ní di ẹrù kankan. Ẹ máa bọ̀ ní ìparí oṣù, ìwọ àti Ajíbádé. N ó gún iyán fún yín, ẹ ó sùn, ẹ ó sì padà láìmú mi dání. Ibí ni mo wà títí n ó fi mọ iṣẹ́ yìí débi tí Ìyá Sikirat mọ̀ ọ́n dé. Ní ti pé kí n má pe ara mi ní ìyá rẹ mọ́, mo ti ń kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ìyẹn, n kò gbọ́ ọ.

Ọlọ́run yóò tú ọ láyà, yóò fún ọ ní èémí tó já gaara. Ìwọ àti Làbákẹ́ yóò gbó, ẹ ó tọ́. Àwọn ọmọ yín yóò rí yín bá sọ̀rọ̀ pẹ́ títí. Àmín.

Èmi ni, o fẹ́ o, o kọ̀ o,
Yèyé rẹ,
Phebe Ọlọ́rundáre.

Mo gbàgbé: tí o bá dé, tí o sì bá mi lójú ọ̀nà láàárọ̀, má dọ̀bálẹ̀ sínú ìrì mọ́. Àyà rẹ kò fẹ́ òtútù. Má sì kí mi. Ṣáà máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi títí a ó fi délé. Oríkì ọjọ́sí ṣì wà lẹ́nu mi, tí mo bá ti gbé ewé sílẹ̀, n ó kì ọ́ títí yóò fi sú ọ.